Ta Ló Gún Ibí?

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ti àpòpọ̀ sínú ilẹ̀ ni Adéyọ̀sọ́lá kíyè sí i pé ilẹ̀ náà ń mí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí awò ìwọnlẹ̀, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo ọ̀pá onínọ́ńbà tí wọ́n nà ró lẹ́bàá ihò. Nọ́ńbà tó wà lójú ìlà dúró bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ó gòkè ní ìwọ̀n irun kan. Ó tún gòkè. Ó tún gòkè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dúró díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ń gúnyán bá gbé ọmọ odó dání kó lè nu òógùn ojú, ó sì rọra padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Adéyọ̀sọ́lá fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu awò. Ó tún wò ó. Mẹ́ta, ìsinmi. Mẹ́ta, ìsinmi.

Ó ti tó ìdajì wákàtí tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ kí ìrun Àìlà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nísàlẹ̀ òkè. Kò sí ọkọ̀ tó ń kọjá, kò sí màlúù, ewé kan kò mì. Òun nìkan ló wà lórí dáàmù, oòrùn sì wà ní àtàrí.

Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí lè rò pé ògiri kọnkéré ni gbogbo dáàmù. Ti Gidan Kogi, tó wà lẹ́yìn Maikunkele nítòsí Minna, kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè amọ̀ gígùn ni. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ọ, ìpele lórí ìpele. Wọ́n á tẹ́ amọ̀ sílẹ̀, wọ́n á gún un títí yóò fi le, kí wọ́n tó tẹ́ òmíràn lé e. Bí gbogbo ìpele bá le, òkè náà á sé odò fún ọmọ àti ọmọọmọ. Ṣùgbọ́n bí ìpele kan ṣoṣo bá rọ̀ láàárín, omi á mọ ibẹ̀. Omi kì í kánjú. Hóró amọ̀ kan lónìí, hóró kan lọ́la, á máa jí i gbé lábẹ́lẹ̀ títí inú òkè á fi ṣófo, tí orí rẹ̀ á sì jìn wọlé lójijì. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni obìnrin darandaran kan rí lójú ọ̀nà orí dáàmù náà ní oṣù Ẹrẹ́nà. Kò ju abọ́ ìfọṣọ lọ lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti lè gba kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù kan pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n ṣáà da yanrìn sí i. Ta ló ń wo eyín tó jẹrà sàn nípa bíbo orí rẹ̀? Ibi tó rọ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọn kò sì lè da sìmẹ́ńtì olómi sí i, nítorí ohun tó bá ń ṣàn lè la ọkàn òkè náà sí méjì. Ohun tí Adéyọ̀sọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ri paipu irin wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibi tó rọ̀, wọ́n wá ń ti àpòpọ̀ yanrìn, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ gba inú rẹ̀, àpòpọ̀ tó ki bí ẹ̀bà àná. Irú èyí kì í ṣàn lọ síbì kankan. Ẹnu paipu ló máa ń wú sí, bí ìkúùkù tí a tẹ̀ bọ inú àpò gààrí, á sì máa ti ilẹ̀ tó yí i ká kí ó lè fún pọ̀. Bí ibẹ̀ bá ti le, wọ́n á fa paipu sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n á tún ti òmíràn. Bí ẹni tó ń gun àkàbà ni wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sókè. Abẹ́rẹ́ agogo ara ẹ̀rọ ló ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ń ta kò wọ́n. Awò ìwọnlẹ̀ ló ń sọ pé ilẹ̀ òkè ti gbéra ní ìwọ̀n irun, pé ó ti tó.

Paipu mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́ràn. Ẹ̀kẹrin ni kò gbọ́. Ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ kò kúrò lójú òdo. Wọ́n ti ti ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìṣirò sọ sí i. Ilẹ̀ kàn ń gbé e mì.

Lábẹ́ dáàmù yẹn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà wà, òrùlé páànù méjì láàárín àwọn igi dọ̀gọ̀yárò. Àràárọ̀ ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Arifah, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Dutsen Kura, máa ń gun òkè wá bá Adéyọ̀sọ́lá.

"Sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Ṣé kí n lu agogo?"

Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé kí n kó igba ọmọ ó lé mẹ́rìndínlógún wọ kíláàsì lónìí, àbí kí n lé wọn padà sílé? Òjò ti ń rọ̀ lókè odò. Wọ́n ti ṣí omi sílẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n lè ṣí i dé, síbẹ̀ adágún ẹ̀yìn dáàmù náà ń fi ìbú ọwọ́ kan gòkè lójúmọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta yìí, Adéyọ̀sọ́lá kọ́kọ́ wo paipu kẹrin.

"Ẹ lù ú," ó sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n tí ibí yìí kò bá le títí di ìrọ̀lẹ́, Hájíà, ẹ má lù ú lọ́la. Kí gbogbo abúlé lọ sí ilẹ̀ gíga."

"Haba! Gbogbo abúlé? Ta ló máa gbọ́ tèmi? Ìyá Hibatullah tó ń ta àkàrà kósáì ti ní omi tó bá fẹ́ òun kó wá tò sórí ìlà bí àwọn oníbàárà yòókù." Arifah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ ṣáà má purọ́ fún mi. Ohun tí mo bẹ̀ yín nìyẹn. Tí kò bá dáa, ẹ sọ pé kò dáa."

"Mi ò ní purọ́ fún yín, ma."

Ìyẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń wo ilẹ̀ tó ń mí.

Saifullah tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ padà láti ìdí ìrun. Ọ̀dọ́kùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni, òun ló máa ń fi orúkọ oúnjẹ pe gbogbo òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ yìí ó rọra rìn wá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnjiníà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Ìwọ tó ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀sín?"

"Wallahi, mi ò ṣeré. Paipu kẹrin yẹn. Ẹ gbé etí lé e."

Adéyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀. Irin tó ti ń gba oòrùn láti àárọ̀, ó yẹ kó jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ńṣe ló tutù, bí ìkòkò omi inú yàrá. Ní àkọ́kọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́ gbì, gbì, gbì. Ó dákẹ́. Ohùn ọkùnrin kan sì jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kò bínú, bí ohùn olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Wa ya daka nan?"

Ta ló gún ibí? Èdè Hausa tí gbogbo ìlú ń sọ ni. Ohùn náà dúró, ó ń retí èsì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbì, gbì, gbì. "Wa ya daka nan?"

Adéyọ̀sọ́lá gbé orí sókè. Gbogbo irun ọwọ́ rẹ̀ ti dìde.

"Láti àná ni," Saifullah sọ. "Mo rò pé Sàlíhátù àtàwọn tó ń po yanrìn ló ń tàn mí. Mo lọ bá wọn jà. Mo wá padà wá, mo ka Ayatul Kursiyyu lẹ́ẹ̀meje sí i. Kò bínú, kò sì lọ. Ó kàn ń bèèrè."

Ìwé àwòrán dáàmù náà ti sọnù tipẹ́. Nítorí náà Adéyọ̀sọ́lá ti wá àwọn tó kọ́ ọ kiri ìlú, bóyá ẹnìkan á lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló rí tó ṣì wà láàyè ní Minna: Bàbá Simeon, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tó ń gbé ní Fadikpe. Láti ọjọ́ Àìkú ni Adéyọ̀sọ́lá ti ń ránṣẹ́ pè é, àwáwí ni bàbá náà ń rán padà. Lónìí, orúnkún ni. Lọ́la, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe dìde kúrò nídìí paipu báyìí, ó rí kẹ̀kẹ́ kan tó dúró ní ìkángun dáàmù, àgbàlagbà kan sì sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. A ò tilẹ̀ tún ránṣẹ́ lónìí."

"Wọ́n pè mí," ni Bàbá Simeon wí.

"Ta ló pè yín, sà?"

Bàbá náà ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Paipu mẹ́rin ló nà ró níbẹ̀, tí ìkan kò yàtọ̀ sí ìkejì. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rìn tààrà lọ sídìí ẹ̀kẹrin, ó sì dúró bí ẹni tó dé iwájú ilé àna rẹ̀.

"Ó ń bèèrè, àbí?"

Saifullah fà sẹ́yìn. Adéyọ̀sọ́lá gbé garawa kan dojú dé, ó fi ṣe ìjókòó fún un. Ojú ọ̀run lápá ìlà-oòrùn ti ń dúdú.

"Paipu ìwọnmi kan wà nísàlẹ̀ níbí," Bàbá Simeon bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀rọ ńlá kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn kó má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọwọ́ la fi ń gún àyíká rẹ̀, èmi àti Qasim, ọmọ Ìlọrin, ọ̀rẹ́ mi. Tí èmi bá gún ìpele kan, òun á gún èyí tó kàn. Fọ́ọ̀mán wa kì í jẹ́ kí wọ́n da amọ̀ tuntun láìṣe pé ó pe ìpè. Á dúró lórí ìpele, á ní, 'Wa ya daka nan?' Ẹni tó gún un á fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, ní èdè ìyá rẹ̀, pé, 'Èmi ni. Ó le.' Kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ohùn wa ni ìwé rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Adéyọ̀sọ́lá sọ.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Qasim ń sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Ó ní, 'Simeon, màá dé kó tó di ọ̀sán. Dúró dè mí.' Òjò wá ṣú bí èyí. Àwọn ọlọ́kọ̀ amọ̀ ń kígbe. Fọ́ọ̀mán sì pe ìpè. Ṣé ẹ mọ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń dáhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wá? Mo yí ohùn padà. Mo ní, 'Èmi ni. Ó le.' Oore ni mo rò pé mò ń ṣe. Wọ́n da amọ̀ lé e."

"Subhanallah," Saifullah mí kanlẹ̀. "Òun ńkọ́?"

"Ó dé ní aago méjì, pẹ̀lú obì ìsọmọlórúkọ lápò fún mi. Ó ní ìpele òun dà? Mo fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. Kò bá mi jà. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ló kú, lórí ibùsùn rẹ̀, tọmọtọmọ yí i ká. Ohun ìkẹyìn tó bi mí ni pé, 'Simeon, ṣé o ti sọ fún wọn?' Mo ní mo ti sọ." Bàbá náà fi fìlà nu ojú. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Ó ní kí Saifullah di òun mú. Wọ́n gbé e kúnlẹ̀ sídìí paipu, ó sì fi ẹnu kan irin tútù náà. Gbì, gbì, gbì. Wọ́n dúró.

"Wa ya daka nan?"

"Èmi Simeon ni mo dáhùn lọ́jọ́ náà," bàbá náà sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe Qasim. Kò gún un. Kò sẹ́ni tó gún un. Ẹ má kà á sí Qasim lọ́rùn. Èmi ni mo purọ́."

Ohùn ìsàlẹ̀ náà dákẹ́. Adéyọ̀sọ́lá sáré wo awò: ilẹ̀ kò mí mọ́. Ó dàbí ẹni pé gbogbo òkè náà, láti ìkángun dé ìkángun, ń tẹ́tí. Nígbà náà ni ohùn mìíràn gba paipu jáde, ohùn ọ̀dọ́kùnrin tó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Mo ti dé."

Lẹ́yìn rẹ̀, gbì-gbì-gbì-gbì, láìsinmi.

Bàbá Simeon yíjú padà, omijé ń ṣàn gba ààrin irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ tan ẹ̀rọ," ó ní. "Kí lẹ dúró ń wò? Ó ń retí amọ̀!"

Saifullah tan ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ tó ti sùn sójú òdo láti ọjọ́ méjì mì, ó sì gbéra. Àwọn tó ń po yanrìn dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Ọ̀pá onínọ́ńbà gòkè ní ìwọ̀n irun kan, kò sì padà wálẹ̀. Wọ́n fa paipu sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n tún ti òmíràn. Ibi tí ìṣirò ní yóò gba bàrò mẹ́wàá, méjì àbọ̀ ni wọ́n tì tí abẹ́rẹ́ fi dé òpin. Ní ogún ọdún tí Adéyọ̀sọ́lá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò rí ilẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àpòpọ̀ ń tì láti inú, ẹnìkan sì ń gún un bọ̀ láti ìta. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ kí wọ́n lè fa paipu, wọ́n á gbọ́ ìbéèrè náà, wọ́n á sì gbọ́ èsì: "Èmi ni. Ó le."

"Bàbá Qasim, ẹ kú iṣẹ́ o!" Saifullah kígbe sínú paipu nígbà kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Kó tó di Alásàrì, ẹnu paipu ti yọ sókè. Ibi ihò ti dí, ó sì le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ààfin. Saifullah ké Allahu Akbar. Adéyọ̀sọ́lá fa fóònù yọ láti pe Arifah, kó sọ fún un pé ó ti dáa, pé kó lu agogo rẹ̀ lọ́la.

Ṣùgbọ́n ìpè náà kò dá.

Kò gba inú paipu mọ́. Abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ló wà báyìí, ó sì ń rìn lọ sápá ìlà-oòrùn, lọ́ọ́lọ́ọ́, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. "Wa ya daka nan?" Ọkùnrin kan dáhùn ní èdè Gbagyi. "Wa ya daka nan?" Ẹlòmíràn dáhùn ní èdè Nupe, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ nínú ohùn. Ohùn kan ní, "Ni ne," pé òun ni. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ bàtà láìsí ẹni tó pàṣẹ. Wọ́n ń tẹ̀lé ohùn náà lójú ọ̀nà orí dáàmù, Bàbá Simeon sì ń sọ orúkọ wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún Adéyọ̀sọ́lá: èyí kú ní Kàdúná, èyí ni ikọ́ pa, èyí ni ó kọ́ òun ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di irin ìgúnlẹ̀ mú kó má baà bó ni lọ́wọ́. Òkè náà kún fún ènìyàn. Ohùn wọn ló ń sé odò láti ọjọ́ yìí wá.

"Wa ya daka nan?"

"Èmi ni. Ó le."

Ohùn ọ̀dọ́ ni, ó mọ́ gaara. Bàbá Simeon dúró. Adéyọ̀sọ́lá wo ẹnu bàbá náà; ó wà ní pípadé. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì di í mú jẹ́jẹ́.

"Èmi nìyẹn," ó sọ. "Mo rò pé àwọn òkú nìkan ni."

Ìpè náà ti kọjá lọ. Ó dé ibi tí dáàmù ti yà, níbi tí koríko tutù yọ̀yọ̀ ní àkókò tí gbogbo koríko yòókù gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

"Wa ya daka nan?"

Kò sí èsì.

"Wa ya daka nan?"

Bàbá Simeon ya ẹnu, bí ó ti ṣe lọ́jọ́ Sátidé náà. Ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó.

Adéyọ̀sọ́lá wo koríko tútù náà. Ó wo òrùlé páànù méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tààrà.

"Saifullah, sáré lọ bá Hájíà. Sọ fún un pé mo ní kò dáa. Kó má lu agogo lọ́la. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí ilẹ̀ gíga láti ìsinsìnyí, títí kan Ìyá Hibatullah."

Ó gbé èèkàn kan àti òòlù, ó rìn lọ sí àárín koríko náà, ó sì gbá èèkàn wọlẹ̀ níbi tí ìpè ti dúró. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí ọrùn rẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ohùn pẹ̀lẹ́ náà tún bèèrè, nítòsí gan-an, Adéyọ̀sọ́lá nìkan ló sì ń bi.

Adéyọ̀sọ́lá kò dáhùn. Kò tíì gún un.